Ewúrẹ́ Tó Ń Pe Orúkọ Ènìyàn

"Ẹ káàárọ̀ o, bàbá onígéètì! Ṣé ẹ jí ire? Ìyá ẹlẹ́pà, ẹ kú ọjà o! Ọjà á tà lónìí o!"

Awwal nìyẹn. Bó bá ti dé ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn ọpọlọ tó wà ní Yaba, ńṣe ló máa ń kí gbogbo ayé bí olóṣèlú tó ń wá ìbò. Ummulkhair àbúrò rẹ̀, tó máa ń sìn ín lọ, ti fa híjáàbù bo ẹnu, ó fà á bo imú, ó ku ojú nìkan, ó sì ń rìn tìfuratìfura bí adìyẹ tó fẹ́ yé ẹyin sílé onílé.

"Bùọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra kí wọn."

"Kí ló dé? Ṣé a wá jalè ni? Ìwọ tó o bojú yìí gan-an ni wọ́n máa kọ́kọ́ mú."

Ìyá ẹlẹ́pà bú sẹ́rìn-ín. Ummulkhair ò rẹ́rìn-ín. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni, ẹ sì mọ bí ọjọ́ orí yẹn ṣe rí: bí eṣinṣin bá bà lé ọmọ náà nímú, á rò pé gbogbo Èkó ló ń wo òun.

Ọdún méjì sẹ́yìn ni àìsàn kọlu Awwal. Fóònù ló ń tún ṣe ní ìsọ̀ kékeré kan ní Mushin, ọwọ́ rẹ̀ sì mọ́ iṣẹ́ débi pé fóònù tó já sínú ìkòkò ọbẹ̀, á jí i dìde. Àfi bó ṣe di pé ó ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn ò gbọ́. Kò sùn mọ́, kò jẹun mọ́, ó ní àwọn kan ń ṣọ́ òun láti orí òpó iná. Ìyá wọn, Sìmíátù, opó tó ń ta abọ́ rọ́bà, gbé e kiri títí. Wọ́n fún un ní hàǹtú mu, omi tí aáfà fi fọ wàláà. Wọ́n fi ọṣẹ dúdú wẹ̀ ẹ́. Níbì kan, wọ́n fi ẹgba nà án, wọ́n ní àlùjànnú ló wọ̀ ọ́ lára, àlùjànnú náà ni ẹgba ń dùn. Àlùjànnú ò sunkún o. Awwal ló sunkún.

Nígbẹ̀yìn gbẹ́yín ni wọ́n tó rántí Yaba, ibi tí àwọn ẹlòmíràn ń wọkọ̀ láti ìlú òkèèrè wá, tí kò sì jìnnà sílé tiwọn. Dókítà ní ọpọlọ lè ṣàìsàn gẹ́gẹ́ bí ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín ṣe ń ṣàìsàn, ó sì bẹ̀rẹ̀ abẹ́rẹ́ oṣooṣù fún un. Abẹ́rẹ́ ọ̀hún mú un balẹ̀. Awwal padà sí ìsọ̀. Ó kàn sanra, ó sì ń sùn bí igi tó wó ni. "Ohun tó burú jù nínú àìsàn yìí," ló máa ń wí, "ni pé kò sí ṣòkòtò tó gba ìdí mi mọ́."

Lọ́jọ́ náà, Nọ́ọ̀sì Caroline gún un lábẹ́rẹ́ tán, ó wá kọjú sí àbúrò.

"Ummulkhair, ìwọ ni mo fi ṣọ́ ọ o. Àwọn ènìyàn máa ń rí i pé ara ti yá, wọ́n á ní abẹ́rẹ́ ti tó. Abẹ́rẹ́ yẹn ló mú ara yá. Ẹ má ṣe já a sílẹ̀ láìjẹ́ pé dókítà sọ bẹ́ẹ̀."

"Mo ti gbọ́, mà."

Wọ́n jáde. Ní òdìkejì títì, ta ló dúró bí kò ṣe Beulah, ọmọ kíláàsì rẹ̀! Ummulkhair yára gé ọ̀nà mìíràn. Híjáàbù bo imú lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò bo báàgì ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ gàdàgbà sí lẹ́yìn.

Nígbà tílẹ̀ mọ́, kò tíì wọ kíláàsì tán tí Beulah fi ké pé, "Ẹ yà fún un o! Ọmọ Yaba ti dé o!"

Ẹ̀rín gba kíláàsì. Olùkọ́ ìṣirò ní kó wá ṣe iṣẹ́ kan lójú pátákó, ó ṣì í, Beulah ní, "Ẹ ní sùúrù fún un, sà, ó ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn." Olùkọ́ fi ìwé bojú. Èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Òun náà ń rẹ́rìn-ín.

Nígbà ìsinmi, wọ́n sún kúrò lórí bẹ́ǹṣì tó jókòó sí. "Má fọwọ́ kan oúnjẹ mi o," Beulah wí. "Ta ni ẹni tó sanra yẹn? Ẹ̀gbọ́n ẹ ni, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́?"

"Kì í ṣe ẹ̀gbọ́n mi," Ummulkhair dáhùn. "Aládùúgbò wa ni. Ìyá mi ló ní kí n sìn ín."

Irọ́ kì í dá rìn. Bó bá ti rí ọ̀nà, á padà lọ pe mọ̀lẹ́bí rẹ̀ wá.

Ní àsìkò yẹn gan-an ni Jemilat, ẹ̀gbọ́n wọn àgbà, rí ọkọ. Àbdùlsàmàd ni wọ́n ń pè é, ọmọ Ìjẹ̀bú bíi tiwọn, ọmọ tó ń bọ̀wọ̀ fún àgbà. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí rò pé ìfẹ́ nìkan ló ń so yìgì. Tóò. Kí àwọn ará ilé ọkọ tó gbà, ìwádìí ń bẹ. Wọ́n á rán àgbà obìnrin kan wọ àdúgbò bí oníbàárà. Á ra ata níbí, á ra iyọ̀ lọ́hùn-ún, á máa fi ọ̀rọ̀ wá ọ̀rọ̀: ṣé wọn kì í jà nílé yẹn? Ṣé ọwọ́ wọn mọ́? Á wá fa ohùn rẹ̀ sílẹ̀, á bi èyí tó ń dunni nínú: ṣé orí wọn pé? Tó bá di ká tú àṣírí ìdílé, kí ọlọ́pàá lọ jókòó. Àwa ìyá àgbà ń bọ̀, eékún wa ò gbé wa mọ́, àmọ́ ahọ́n wa ṣì ń sáré.

Ìròyìn kan Sìmíátù pé ìyá àgbà ilé ọkọ, Àlàájà Lubabah, ti ń ra ata kiri ládùúgbò. Ó ti ilẹ̀kùn, ó pe àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ méjèèjì.

"Láti òní títí a ó fi so yìgì, ẹnikẹ́ni nínú yín ò gbọdọ̀ fẹsẹ̀ tẹ Yaba."

"Màámi, abẹ́rẹ́ Bùọ̀dá ńkọ́?"

"Ṣé abẹ́rẹ́ ló bí i ni? Orí rẹ̀ ti wálẹ̀. Kí wọ́n wá rí yín lẹ́nu géètì yẹn, kí wọ́n ní a ń ya wèrè nílé wa? Ṣé o fẹ́ kí ẹ̀gbọ́n ẹ kan sí mi lọ́wọ́ bí ẹ̀kọ àná ni?"

Jemilat ń sunkún sínú ìborùn rẹ̀.

"Ìwọ lo máa sọ fún un," ìyá tẹnu mọ́ ọn. "Kò ní gba tèmi gbọ́. Tìẹ ló máa gbà."

Ọ̀rọ̀ Nọ́ọ̀sì Caroline wà lórí ahọ́n Ummulkhair. Díẹ̀ ló kù kó sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ó rántí bẹ́ǹṣì tí wọ́n dá a dá sí, ó rántí èjìká olùkọ́ tó ń gbọ̀n, ó sì gbé ọ̀rọ̀ náà mì. Ká má purọ́ fún ara wa, inú rẹ̀ dùn. Ìyá ti pàṣẹ fún un láti ṣe ohun tí ọkàn rẹ̀ ń wá.

Ó bá Awwal ní ìsọ̀.

"Bùọ̀dá, Nọ́ọ̀sì pè mí. Dókítà ní ẹ ti parí ìtọ́jú. Ẹ ò ní gba abẹ́rẹ́ mọ́."

Awwal gbé irin iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kalẹ̀ pẹ̀lẹ́. "Parí? Pátápátá?"

"Pátápátá."

Ó wo ojú rẹ̀. "Ummu, o ò lè fi irú èyí bá mi ṣeré."

"Kí ni mo fẹ́ fi bá yín ṣeré sí?"

Awwal rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ti ìsọ̀ pa lọ́sàn-án gangan, ó lọ sí mọ́ṣáláṣí, ó forí kanlẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ó ń lọ láti ìsọ̀ dé ìsọ̀, ó ń wí pé, "Ẹ bá mi yọ̀ o, mo ti bọ́!" Nígbà tó ń bọ̀, ó ra súyà fún àbúrò rẹ̀ nítorí ìròyìn ayọ̀ tó mú wá. Ummulkhair jẹ ẹ́. Ó dùn gan-an, ó tiẹ̀ lá bébà rẹ̀.

Nígbà tí oṣù yípo, Nọ́ọ̀sì Caroline pè.

"A ò rí yín o. Kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Ó ti lọ sí Ìjẹ̀bú-Igbó, mà. Wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ níbẹ̀."

"Ní ilé ìwòsàn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ọmọ dáadáa, gbọ́ mi. Tí oorun rẹ̀ bá ti ń kéré, tó bá ń bá ẹni tí kò sí níbẹ̀ sọ̀rọ̀, ẹ má dúró de ọjọ́ kankan. Ẹ máa gbé e bọ̀. A ò ní bá yín jà."

"Ẹ ṣé, mà." Ó pa fóònù, ó sì dí nọ́ńbà nọ́ọ̀sì náà pa.

Àìsàn kì í kan ilẹ̀kùn kó tó wọlé. Awwal kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í jí kí ìrun àárọ̀ tó tó. Lẹ́yìn náà, kò sùn mọ́ rárá. Ó fi aṣọ bo gbogbo fóònù tó wà ní ìsọ̀, ó ní wọ́n ń gbọ́ ohun tí òun ń rò. Ó tú fóònù àwọn oníbàárà palẹ̀, ó ń wá ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú wọn. Oníbàárà kan gbá a létí. Awwal bẹ̀ ẹ́, ó tún tú òmíràn.

Ó wá bá Ummulkhair nínú ilé, ojú rẹ̀ pọ́n kankan. "Ummu, ó jọ pé ó ti padà dé o. Bóyá dókítà ṣì í. Bá mi pe Nọ́ọ̀sì, kí wọ́n tún mi wò."

Ẹ gbọ́ o! Aláìsàn fúnra rẹ̀ ń bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n gbé òun lọ gba ìtọ́jú.

Ummulkhair wo ojú ìyá rẹ̀. Ìyá ṣẹ́jú sí i. Ó ku ọ̀sẹ̀ kan péré kí àwọn àna wá ṣe mọ̀mí-n-mọ̀ọ́.

"Ẹ lọ sùn, Bùọ̀dá," ni ó wí. "Ẹ kàn ń rò ó ni."

Nígbà tí ọjọ́ àna pé, Awwal ti ń kígbe kiri inú ilé. Ìyá rẹ̀ tì í mọ́ yàrá ẹ̀yìn, níbi tó ń kó abọ́ rọ́bà pamọ́ sí, ó fi àgádágodo há a mọ́bẹ̀, ó wá gbé rédíò kalẹ̀ sí ẹnu ilẹ̀kùn.

"Ummulkhair, bó bá pariwo, yí i sókè."

Àwọn àlejò dé. Àlàájà Lubabah ló ṣáájú, léèsì rẹ̀ ń tàn yinrin. Wọ́n jókòó, wọ́n mu omi, wọ́n ṣe àdúà. Àlàájà wá yíjú sí Sìmíátù.

"Ìyá Jemilat, mo gbọ́ pé ẹ lọ́mọkùnrin kan. Awwal ńkọ́?"

"Há, Awwal! Ó wà ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Ó ń kọ́ṣẹ́ níbẹ̀."

"Ara rẹ̀ yá?"

"Ara rẹ̀ le bí òkúta, Àlàájà."

Àfi gbàgà lára ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Ummulkhair yí rédíò sókè. Gbàgà! Ó tún yí i sókè. Àkókò yẹn gan-an ni iná lọ. Rédíò kú fin-ín, ilé pa lọ́lọ́.

"Kí ló ń pariwo lẹ́yìn ilé yẹn?" ọ̀kan nínú àwọn àlejò béèrè.

Gbogbo ojú wà lára Ummulkhair. "Ewúrẹ́ ni, mà," ó wí. "Ewúrẹ́ aládùúgbò wa."

"Ummulkhair!" ohùn náà ké láti inú yàrá. "Ummulkhair, wá ṣílẹ̀kùn! Omi! Òùngbẹ ń gbẹ mí!"

Àlàájà Lubabah gbé ife rẹ̀ kalẹ̀. "Ewúrẹ́ yìí mà gbọ́n o," ó wí jẹ́ẹ́. "Ó mọ orúkọ ẹ."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Lójijì, gíláàsì fèrèsé fọ́ ní ẹ̀yìnkùlé, ariwo yàrá dákẹ́. Awwal ti jáde.

Ó sáré já sí òpópónà, síńgílẹ́ẹ̀tì nìkan ló wà lọ́rùn rẹ̀, gíláàsì ti ya á lápá, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn. Ní ìkóríta kan tó ti kọjá àdúgbò wọn, ó pàdé ọmọdé kan tó ń ti ilé ẹ̀kọ́ bọ̀. Ó kúnlẹ̀, ó di ọmọ náà lọ́wọ́ mú. "Sá lọ sílé," ó wí. "Má jẹ́ kí wọ́n tì ẹ́ mọ́lé." Ìyá ọmọ rí ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ àjèjì tó di ọmọ rẹ̀ mú. Ó figbe ta: "Gbọ́mọgbọ́mọ o!"

Ẹ̀yin náà mọ ohun tí ọ̀rọ̀ yẹn máa ń bí. Èrò ti tú jáde kí wọ́n tó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Wọ́n gbá a lẹ́sẹ̀, ó ṣubú. Ẹni tí kò mọ ìdí ọ̀rọ̀ náà ń ta ìpá tirẹ̀.

Ummulkhair sáré dé, àwọn àlejò ń tẹ̀ lé e. Bàbá àgbà kan na ọwọ́ sókè. "Ẹ dúró ná! Ẹ jẹ́ ká bèèrè! Ṣé ẹnikẹ́ni níbí mọ̀ ọ́n?"

Ọwọ́ dúró. Géńdé kan gbé pákó sókè, ó ń dúró de ìdáhùn. Awwal gbé ojú sókè láti ilẹ̀, ó rí àbúrò rẹ̀ láàárín èrò. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ẹ bi í," ó wí. "Ó mọ̀ mí."

"Ìwọ! Ṣé o mọ̀ ọ́n?"

Ní òdìkejì, Beulah dúró láàárín àwọn tó ń wòran, ó ti na fóònù rẹ̀ jáde, ó ń ya fídíò. Ummulkhair rí i. Ó la ẹnu. Ẹnu ò mú ọ̀rọ̀ kankan jáde.

"Kò mọ̀ ọ́n!" géńdé náà pariwo. Awwal fi ọwọ́ ọ̀tún bo orí. Pákó balẹ̀ lórí ọwọ́ náà, ó ró bí ìgbà téèyàn ṣẹ́gi ìdáná.

"Ẹ̀gbọ́n mi ni!" Ummulkhair ṣẹ̀ṣẹ̀ wá figbe ta. "Ẹ̀gbọ́n mi ni o! Ara rẹ̀ ò yá ni! Ẹ má pa á!"

Àlàájà Lubabah ló kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó wó lé e tòun ti léèsì, ó fi ara rẹ̀ bò ó. "Ẹ nà mí!" ó ń wí. "Tí ẹ bá ń wá ẹni nà, ẹ nà mí!" Èrò bẹ̀rẹ̀ sí í túká lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni pé kò sẹ́ni tó wà níbẹ̀.

Nílé ìwòsàn tí wọ́n ti ń di eegun ọwọ́ Awwal, Àlàájà jókòó ti Sìmíátù.

"Ìyá Jemilat, mo ti mọ̀ kí n tó wọlé yín. Àbúrò ọkọ mi náà ń gba abẹ́rẹ́ ní Yaba. Ibẹ̀ ni mo ti máa ń rí ọmọbìnrin yìí àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Èmi ni mo lọ sọ nílé pé ìdílé tó ń tọ́jú aláìsàn rẹ̀ báyìí, ibẹ̀ ni kí ọmọ wa ti fẹ́yàwó. Mo bi yín léèrè Awwal nítorí kí ẹ lè sọ ọ́ fúnra yín ni."

"Ẹ̀rù ló bà mí, Àlàájà."

"Mo mọ̀. Èmi náà ti bẹ̀rù rí. Àmọ́ tí àìsàn bá mú ọmọ wa lọ́la, inú yàrá wo lẹ máa tì í mọ́?"

Yìgì náà ò so mọ́. Àbdùlsàmàd pe Jemilat ní ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà, kò pè mọ́.

Awwal padà sídìí abẹ́rẹ́ rẹ̀, Sìmíátù fúnra rẹ̀ ló sì ń sìn ín lọ. Díẹ̀díẹ̀, orí rẹ̀ tún wálẹ̀. Ṣùgbọ́n ìka ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ò ká mọ́. Kò lè mú ìṣó fóònù tó kéré bí ẹyin kòkòrò. Ó ta ohun èlò ìsọ̀ fún ẹlòmíràn. Ẹ sì jẹ́ kí n sọ èyí tó burú jù: orí tó wálẹ̀ ń rántí. Gbogbo ohun tí wọ́n sọ lẹ́yìn ilẹ̀kùn lọ́jọ́ náà ló gbọ́, kò gbàgbé ọ̀kan.

Lọ́jọ́ kan, Ummulkhair kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, ó sọ gbogbo rẹ̀, láti orí irọ́ àkọ́kọ́ tó pa ní ilé ẹ̀kọ́. "Ẹ jọ̀ọ́, Bùọ̀dá, ẹ foríjì mí."

"Mo ti foríjì ẹ́," Awwal wí. "Àbúrò mi ni ẹ́. Àmọ́ tí àìsàn yìí bá tún gbé mi dé ìta lọ́jọ́ kan, mò ń bẹ Ọlọ́run kó má jẹ́ ìwọ ni wọ́n máa bi léèrè pé ta ni mí."

Ẹ̀yin ọmọ mi, àìsàn ọpọlọ kì í ṣe èpè, kì í ṣe ẹ̀gbin ìdílé. Ó ní dókítà, ó ní oògùn, kò sì sẹ́ni tó yẹ kó já oògùn náà sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Bó bá mú ẹni yín, bó bá sì mú ẹ̀yin fúnra yín, ẹ sọ ọ́ síta kíákíá, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn tó sún mọ́ yín. Ẹni tó bá fi yín ṣẹ̀sín máa rẹ́rìn-ín títí yóò sú u, á sì lọ jẹun. Ọwọ́ Awwal kò ní ká mọ́.